Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣọ́ Ẹ̀jẹ̀ Aláìsàn Ọkàn Lórí Bẹ́ẹ̀dì Ilé Ìwòsàn

Ní nǹkan bí aago 4 ìdájí ni mo ká aṣọ ìbora kúrò lára bàbá kan ní wọ́ọ̀dù wa. Àyà tó ń dùn wọ́n láti àná ti rọlẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù kò ké, wọ́n sì ní àwọn sùn díẹ̀. Ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ní ó ń ro àwọn, wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀dì ló fà á. Mo fọwọ́ kan ibi tí itan wọn ti pàdé ikùn, ojú ibi tí wọ́n gbà ti rọ́bà tín-ín-rín bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn títí dé ọkàn. Ó le bí ẹni pé wọ́n ki nǹkan sí i. Báńdéèjì tó wà lórí rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lára rẹ̀. Ẹ̀yìn ikùn lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kò tó, ni ẹ̀jẹ̀ náà ń dà sí.

Bàbá náà yè. Dókítà tètè dé, wọ́n tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn tó jókòó tì wọ́n lóru yẹn sọ fún mi pé láti aago 1 ni bàbá òun ti ń ráhùn ẹ̀yìn. Òun kò pe ẹnikẹ́ni, torí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun pé ẹ̀yìn ríro ní nǹkan ṣe pẹ̀lú oògùn ọkàn, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ̀bi àwa tó yẹ ká ti sọ fún un ni, kì í ṣe tirẹ̀. Torí ọmọ yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹni tó jókòó ti aláìsàn ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti aláìsàn fúnra rẹ̀ bí ara rẹ̀ bá gbé e. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ́ọ̀dù ọkàn náà lè fi ṣe ìrántí. Dókítà ló ń pàṣẹ oògùn o. Kò sí ibì kan nínú ohun tí mo kọ tó ní kí ẹ dá oògùn dúró tàbí kí ẹ dín in kù fúnra yín.

Ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà, àti ìdí tó fi ń pa ènìyàn

Ohun tó sábà máa ń fa ìkọlù ọkàn ni pé ọ̀rá tó ti lẹ̀ mọ́ ara iṣan ọkàn láti ọdún pípẹ́ yóò bẹ́ lójijì. Ara á rò pé ọgbẹ́ ni, ẹ̀jẹ̀ á sáré dì lójú ibẹ̀, á sì dí ọ̀nà pa. Ẹran ọkàn tó ń dúró de ẹ̀jẹ̀ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún aláìsàn ní aspirin pé kó rún un lẹ́nu, tí wọ́n ń fi clopidogrel tàbí ticagrelor kún un, tí wọ́n sì tún ń gún un ní heparin, enoxaparin tàbí fondaparinux. Gbogbo wọn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà láti tètè fi stent (ọ̀pá oníhò kékeré tí wọ́n ń fi sínú iṣan kó má baà dí) la iṣan náà, wọ́n lè lo oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti dì, bíi streptokinase, alteplase tàbí tenecteplase.

Oògùn wọ̀nyí ń gba ẹ̀mí là, ẹ má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun tí mo bá sọ níwájú mú yín ṣiyèméjì lórí ìyẹn. Ìwádìí ISIS-2 tó jáde lọ́dún 1988, tí àwọn aláìsàn tó lé ní 17,000 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé aspirin nìkan dín ikú kù ní nǹkan bí 23 nínú 100 láàárín ọ̀sẹ̀ 5. Ṣùgbọ́n oògùn kò lójú. Kò mọ ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ọkàn yàtọ̀ sí èyí tó yẹ kó dì lójú ọgbẹ́ inú tàbí lójú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni pé ọkàn ṣáà ni ká gbà là, bí ẹ̀jẹ̀ bá dà, a ó fa òmíràn sí i. Ìṣirò kò ti ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn. Ìwádìí GRACE tó jáde lọ́dún 2003 tọpa aláìsàn tó lé ní 24,000 ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ó rí i pé nínú gbogbo 100, bí 4 ni ẹ̀jẹ̀ dà gan-an lára wọn. Nínú àwọn wọ̀nyẹn, 18.6 nínú 100 ló kú sílé ìwòsàn. Nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ kò dà lára wọn, 5.1 nínú 100 ni. Lọ́dún 2006, àwọn oníwádìí mìíràn kó àkọsílẹ̀ aláìsàn 34,146 jọ, ohun kan náà ni wọ́n rí: láàárín ọjọ́ 30, 12.8 nínú 100 àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lára wọn kú, nígbà tó jẹ́ 2.5 nínú 100 àwọn yòókù.

Òótọ́ ni pé ẹni tó ti dàgbà, tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára mọ́, ni ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń dà lára rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì ni ewu ti yí ká tẹ́lẹ̀. Wọ́n ro ìyẹn mọ́ ìṣirò, ewu ẹ̀jẹ̀ dídà ṣì dúró síbẹ̀ gbọnin. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé afẹ́fẹ́ lọ fún ọkàn. Bó bá dín, ọkàn tó ń ṣàìsàn á máa sáré láti fi díẹ̀ ṣe púpọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń dà, àfàìmọ̀ kí wọ́n má dá oògùn dúró, èyí tí wọ́n lé kúrò nínú iṣan ọkàn á tún ráyè padà wá dì. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n bá fà sí i náà kò ṣàì ní wàhálà tirẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà pátápátá ni ìwádìí OASIS-5, ọdún 2006. Aláìsàn 20,078 ni wọ́n pín sọ́nà méjì, wọ́n fún apá kan ní fondaparinux, wọ́n fún apá kejì ní enoxaparin. Títí di ọjọ́ 9, ìdáàbòbò tí oògùn méjèèjì ṣe fún ọkàn kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dà gan-an lára 2.2 nínú 100 ní apá fondaparinux, ó dà lára 4.1 ní apá enoxaparin. Nígbà tó fi di ọjọ́ 30, ikú ní apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti dà púpọ̀ jẹ́ 2.9 nínú 100, ti apá kejì jẹ́ 3.5. Ẹ̀jẹ̀ tí a kò jẹ́ kó dà ló di ẹ̀mí tó yè yẹn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé

Lẹ́nu ọ̀nà ìtọ́jú pàjáwìrì, gbogbo ènìyàn ló ń sáré. Ìbéèrè tí wọ́n máa bi yín kò ju mélòó kan lọ: ìgbà wo ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, oògùn wo ló ń lò. Ẹ má dúró kí wọ́n béèrè ìyókù.

Ẹ sọ ọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dà lára rẹ̀ rí débi tó gba ibùsùn tàbí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i, pàápàá láàárín oṣù 6 sẹ́yìn. Ẹ sọ ti ọgbẹ́ inú, ìgbẹ́ dúdú, àrùn ẹ̀dọ̀, àrùn kíndìnrín, jẹjẹrẹ, àti iṣẹ́ abẹ tí kò tíì pẹ́. Bó bá ti ní rọpárọsẹ̀ rí, ẹ tẹnu mọ́ ọn dáadáa: wọn kì í fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní prasugrel, tó jẹ́ ẹgbẹ́ clopidogrel, oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ sì lè di èèwọ̀ fún un. Bó bá ṣubú tó sì fi orí gbá nǹkan nígbà tí àyà kọ́kọ́ mú un, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín. Èyí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù, torí àyà dídùn ló gba gbogbo ọkàn wọn.

Oògùn tó ń lò nílé, ẹ kó o sínú àpò kan, kí ẹ gbé e wá bó ṣe wà. Warfarin, rivaroxaban tàbí apixaban tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac, oògùn steroid, títí kan egbòogi àti oògùn mìíràn tí wọ́n ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí ẹni tó ní òun kò lo oògùn kankan, tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń gbé diclofenac mì nítorí orúnkún. Lójú tirẹ̀, ìyẹn kì í ṣe oògùn. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́nà mìíràn: “Kí lẹ máa ń lò bí ara bá ń ro yín?”

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ rí i dájú pé wọ́n wọn ìwúwo rẹ̀, kí ẹ sì béèrè nípa kíndìnrín

Bí ẹ kò bá lè ṣe ju ohun kan lọ nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ ṣe èyí.

Kílò ni wọ́n fi ń díwọ̀n púpọ̀ nínú oògùn tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì. Kíndìnrín ló sì ń kó enoxaparin àti fondaparinux jáde kúrò nínú ara. Bí wọ́n bá fojú díwọ̀n kílò, tí wọn kò sì ṣírò kíndìnrín, oògùn á máa kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, títí ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta tí imú tàbí ìgbẹ́ á fi tú àṣírí.

Ẹ jẹ́ ká fi màmá ẹni ọdún 80 kan ṣe àpẹẹrẹ. Kílò 48 ni wọ́n. Àyẹ̀wò creatinine wọn, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń kó dànù, jẹ́ 1.4 mg/dL. Ẹni tó bá kàn wo nọ́ńbà yẹn lórí ìwé á ní ó ga díẹ̀, kò burú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. A ó yọ ọjọ́ orí wọn kúrò nínú 140, ó ku 60. A ó fi kílò 48 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 2,880. A ó fi 72 sọ 1.4 di púpọ̀, ó di 100.8. Bí a bá fi èyí pín 2,880, a ó rí 28.6. Nítorí pé obìnrin ni wọ́n, a ó tún fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀, ó ku 24.3. (Bí ibi àyẹ̀wò bá kọ creatinine ní micromol, ẹ kọ́kọ́ fi 88.4 pín in.)

24.3 yẹn ni iye mílílítà ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín màmá ń fọ̀ mọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá ti wálẹ̀ ju 30 lọ, enoxaparin tí ẹlòmíràn ń gbà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: mílígíráàmù 1 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 48 lóòjọ́. Ẹ wá wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fojú wo màmá lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú aṣọ ìbora, tó sọ pé “kílò 70 ni wọ́n á jẹ́”, tí kò sì ṣírò kíndìnrín. Wọ́n á gún wọn ní 70 láàárọ̀, 70 lálẹ́, ó di 140 lóòjọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tó yẹ wọ́n. Kò sẹ́ni tó gbèrò ibi. Ìwọ̀n kílò ni wọn kò gbé wá.

Ẹ béèrè báyìí, pẹ̀lú sùúrù: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti wọn kílò wọn? Mélòó ni nọ́ńbà kíndìnrín wọn? Ṣé ìwọ̀n abẹ́rẹ́ yìí bá a mu?” Bí aláìsàn kò bá lè dìde gun ìwọ̀n, àwọn ilé ìwòsàn kan ní bẹ́ẹ̀dì tó ń wọn kílò. Bí kò bá sí, káàdì tí wọ́n fi lọ rí dókítà láìpẹ́ lè ní i nínú. Dókítà rere kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Èmi fúnra mi, inú mi máa ń dùn bí wọ́n bá bi mí, torí ó ń jẹ́ kí n tún un wò.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ní ìwé kékeré kan fún nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀

Ọjọ́ tó wọlé ni wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ ní kí wọ́n sọ hemoglobin rẹ̀ fún yín, ìyẹn ohun tó ń gbé afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ (g/dL ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n níbí), kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Àwọn onímọ̀ ọkàn tó fẹnu kò lórí ìlànà ARC-HBR lọ́dún 2019 ka hemoglobin tí kò tó 11 sí àmì ńlá pé ẹ̀jẹ̀ lè dà lára ẹni náà. Láti 11 sí 12.9 fún ọkùnrin, tàbí 11 sí 11.9 fún obìnrin, àmì kékeré ni. Àmì kékeré méjì tó àmì ńlá kan. Ẹni tó bá ti pé ọdún 75 ti ní àmì kékeré kan lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Platelet, ìyẹn ègé kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kó dì, tí kò bá tó 100,000 náà, àmì ńlá ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí nọ́ńbà ṣe ń lọ sókè sódò ló ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà ọjọ́ kan lọ. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú 13.5 tó wá di 12.9 lè jẹ́ pé omi dírípù ló la ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú 13.5 tó di 10.4 ní ọjọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ ń dà níbì kan, bí a kò tilẹ̀ tíì rí ibẹ̀. Ìlànà BARC tí wọ́n fi ń to ẹ̀jẹ̀ dídà sí ipele láti ọdún 2011 ti ka ìwọ̀n tó bá fi 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì hàn, sí ipele kẹta, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Fífi ìwé kékeré yẹn han dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lóru lè gba ẹ̀mí là, torí ẹni tó rí aláìsàn láàárọ̀ kọ́ ló máa rí i lálẹ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọrùn ọwọ́ tàbí itan

Bí wọ́n bá fẹ́ ti rọ́bà wọ inú iṣan láti lọ wo ọkàn, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀: ọrùn ọwọ́, tàbí ibi tí itan ti pàdé ikùn. Ẹ béèrè bóyá ti ọwọ́ á ṣeé ṣe. Ìwádìí MATRIX lọ́dún 2015, pẹ̀lú aláìsàn 8,404, rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó dà gan-an lọ sílẹ̀ láti 2.3 sí 1.6 nínú 100 lára àwọn tí wọ́n gba ti ọwọ́, ikú náà sì lọ sílẹ̀ láti 2.2 sí 1.6. Iṣan ọwọ́ wà lórí egungun, ó rọrùn láti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ti itan jìnnà nínú, ẹ̀jẹ̀ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ láìfojú hàn, bíi ti bàbá tí mo sọ. Àwọn ìgbà kan wà tí ti ọwọ́ kì í ṣeé ṣe. Bí dókítà bá ṣàlàyé, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ ti ọwọ́, wọ́n á so ìdè tó ní afẹ́fẹ́ nínú mọ́ ọn fún wákàtí mélòó kan. Ìka rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná, kó má sì di aláwọ̀ aró. Ẹ má bá wọn tú ìdè náà.

Bó bá jẹ́ ti itan, kó sùn gbalaja, kó na ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn gbọọrọ fún wákàtí tí wọ́n bá sọ, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 4 sí 6. Kó má gbé orí sókè fúnra rẹ̀, kó má jókòó láti tọ̀. Bó bá fẹ́ wúkọ́ tàbí sín, kó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ojú ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa ká aṣọ kúrò kí ẹ wo ibẹ̀ léraléra. Kì í ṣe báńdéèjì nìkan ni ẹ ó wò o. Ẹ wo bóyá ibẹ̀ wú, bóyá ó le, bóyá àwọ̀ elésè-àlùkò ń tàn lọ sí ìsàlẹ̀ itan tàbí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Bó bá ń ráhùn ẹ̀yìn, ìbàdí tàbí ikùn ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ dáàbò bo inú

Inú ni ẹ̀jẹ̀ ti máa ń dà jù lára àwọn tó ń lo oògùn méjì pọ̀, ìyẹn aspirin pẹ̀lú clopidogrel tàbí ticagrelor. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti kọ oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù fún un. Ìwádìí COGENT lọ́dún 2010 fi omeprazole kún oògùn àwọn tó ń lo aspirin àti clopidogrel. Wàhálà inú lọ sílẹ̀ láti 2.9 sí 1.1 nínú 100. Omeprazole àti esomeprazole lè dí clopidogrel lọ́wọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, nítorí náà àwọn dókítà mìíràn máa ń yan pantoprazole. Ìyẹn di ọwọ́ tiwọn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́

Orí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá ní wákàtí 24 àkọ́kọ́ lẹ́yìn oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀. Nínú bí 100 tó gbà á, ó lè tó 1 tí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí nínú ọpọlọ. Orí fífọ́ tó le lójijì, èébì, ọ̀rọ̀ tó ń wúwo lẹ́nu, ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá tó rọ, tàbí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ nígbà tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ ṣì mọ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn: ẹ ké sí wọn, ẹ má rò pé oorun ló ń kùn ún.

Ẹ wo imú àti èrìgì. Ẹ wo ojú ibi tí dírípù wà. Ẹ wo ikùn níbi tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ sí. Àmì elésè-àlùkò tó kéré bí ojú ọwọ́ ọmọdé kò ju ohun tí a máa ń rí lọ, ṣùgbọ́n èyí tó ń tóbi sí i, tó sì le, kì í ṣe kékeré. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ ra ibẹ̀.

Ẹ wo ìtọ̀ kí ẹ tó dà á nù. Ẹ wo ìgbẹ́. Ojú máa ń ti àwọn àgbàlagbà, wọn kì í fẹ́ kí ọmọ wọn wo ìgbẹ́ àwọn, nítorí náà ẹ ṣàlàyé fún wọn ṣáájú. Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀, tó sì ní òórùn tó yàtọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni. Oògùn iron náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì ní òórùn yẹn. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀, ẹ má dà á nù, ẹ pe nọ́ọ̀sì kó wá wò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ara rẹ̀ lápapọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá funfun bí ẹni tí kò lẹ́jẹ̀, tí òógùn tútù ń bò ó, tí òòyì ń kọ́ ọ bó bá jókòó, tí ìfúnpá rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú lọ́hùn-ún. Ìwé á sọ fún yín pé ọkàn máa ń sáré bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú aláìsàn wa ló ń lo bisoprolol tàbí metoprolol, oògùn tí kì í jẹ́ kí ọkàn sáré. Mo ti rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní 78 pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, tí hemoglobin rẹ̀ ti wálẹ̀ dé 7. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tó tutù yẹn tàn yín.

Àwọn nǹkan kéékèèké náà wà: búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀, kó má fi abẹ fá irùngbọ̀n, kí wọ́n má gún un ní abẹ́rẹ́ inú ẹran ara bí kò bá pọn dandan, kí ẹnì kan dì í mú bó bá ń lọ sílé ìtọ̀ lóru. Rọ́bà ìtọ̀ tí kò bá wúlò mọ́, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa yọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà

Ẹ ké sí nọ́ọ̀sì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bó bá jẹ́ itan, kó sùn gbalaja, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ ojú ibẹ̀ gírígírí, díẹ̀ sókè ojú ihò náà, kí ẹ má sì gbé ọwọ́ kúrò láti yọjú wò ó títí wọ́n á fi dé. Bó bá jẹ́ imú, kó jókòó, kó tẹ orí síwájú díẹ̀, kó fún ibi tó rọ̀ nínú imú pa fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Kó má gbé orí sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ á lọ sínú ọ̀fun. Bó bá jẹ́ orí ló ń fọ́, kó má jẹ, kó má mu.

Ìgbà yìí gan-an ni ẹbí máa ń sọ pé kí wọ́n dá gbogbo oògùn dúró. Ó yé mi. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ lára ìyá rẹ̀ kò lè sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n a kì í torí gbígbó pa ajá, a kì í torí kíkàn pa àgbò: iṣẹ́ oògùn náà ni pé kó má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí stent bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, pàápàá láàárín oṣù àkọ́kọ́, tí wọ́n sì dá oògùn méjèèjì dúró, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú stent náà lójijì, ìyẹn sì máa ń pa ènìyàn. Èèyàn lè lo oògùn yìí lọ bí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ló ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n lè dá ọ̀kan dúró kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọpọlọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ bi dókítà báyìí: “Èwo lẹ dá dúró, èwo lẹ fi sílẹ̀, ìgbà wo lẹ máa tún un wò?” Ẹ kọ ìdáhùn náà sínú ìwé kékeré yẹn.

Heparin ní oògùn tó ń pa agbára rẹ̀, protamine, tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ lórí enoxaparin náà. Warfarin ní vitamin K. Ní ti fífa ẹ̀jẹ̀ síni lára, ẹ má bínú bí wọn kò bá sáré fà á. Ìwádìí MINT lọ́dún 2023, tí aláìsàn 3,504 wà nínú rẹ̀, fi ẹni tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí kí hemoglobin rẹ̀ má wálẹ̀ ju 10 wéra pẹ̀lú ẹni tí wọ́n dúró títí ó fi wálẹ̀ dé 7 tàbí 8. Ikú tàbí ìkọlù ọkàn tuntun jẹ́ 14.5 nínú 100 ní apá àkọ́kọ́, 16.9 ní apá kejì, ìyàtọ̀ tí kò tó láti fi búra. Nítorí náà, àwọn dókítà kan á tètè fà á fún aláìsàn ọkàn, àwọn mìíràn á dúró díẹ̀. Àwọn méjèèjì ní ìdí.

Ìgbésẹ̀ 8: Kí ẹ tó gbé e lọ sílé

Ewu kò parí lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìní ìwé tó sọ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, ìdí tó fi ń lò ó, àti ọjọ́ tí a ó dá a dúró. Oògùn méjì pọ̀ sábà máa ń jẹ́ oṣù 12 lẹ́yìn ìkọlù ọkàn, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dà lára rẹ̀, dókítà lè gé e sí oṣù 6, 3 tàbí 1. Bó bá tún ń lo apixaban tàbí warfarin nítorí ọkàn tó ń lù gátagàta, ẹ béèrè ìgbà tí aspirin máa kúrò. Oògùn mẹ́ta pọ̀ kì í pẹ́, ọjọ́ díẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Kó má fi ibuprofen tàbí diclofenac kún un mọ́. Paracetamol ni kó lò fún ara ríro. Kó sọ fún oníṣẹ́ abẹ eyín kó tó fa eyín, ṣùgbọ́n kó má fúnra rẹ̀ dá oògùn dúró torí eyín. Kó lọ tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ 1 sí 2, pẹ̀lú creatinine.

Ọmọ bàbá yẹn ra ìwé ìkọ̀wé kan kó tó gbé bàbá rẹ̀ lọ. Ó fi bírò pupa kọ ọjọ́ tí ticagrelor máa parí sára páálí oògùn náà. Sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé yẹn, ó kọ nọ́ńbà fóònù wọ́ọ̀dù wa, ó sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ̀yìn ríro. Ìgbẹ́ dúdú. Orí fífọ́. Kí n pè wọ́n, ì báà jẹ́ òru.”